Àga Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fẹ́ Jókòó Lé

Ọlọ́run kò fún mi ní ojú tí ń pa àṣírí mọ́. Láti kékeré ni ìyá mi ti máa ń sọ pé bí mo bá yọ ẹran jẹ nínú ìkòkò, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ gbọ́ òórùn ọwọ́ mi, kí wọ́n ṣáà wo ojú mi. Bí inú mi bá dùn, gbogbo ojúlé tó yí wa ká ni yóò gbọ́, nítorí ẹ̀rín mi kì í ṣe ẹ̀rín ìyàwó tuntun. Bí inú bá sì bí mi, kò sí ẹni tí mo ní láti ṣàlàyé fún. Irú èmi yìí ni wọ́n wá fi sí yàrá àyẹ̀wò éèdì ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ajégúnlẹ̀, ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí ẹ̀rù àrùn náà ń ba tẹrú tọmọ, tí a kò sì ní oògùn kan tí a lè nà sí ènìyàn pé, gbà, lò ó, yóò dára.

Ìloro gígùn kan ni ilé ìwòsàn náà, pẹ̀lú àwọn yàrá lọ́tùn-ún lósì. Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ ni aboyún ń jókòó sí, òun ni oníbà ń jókòó lé, òun náà ni ẹni tí irin gé lẹ́sẹ̀ ní wáàfù Àpápá ń jókòó lé. Àwọn tó wá fún àyẹ̀wò tèmi náà ń bẹ láàárín wọn, wọ́n á máa sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé ibà ló gbé àwọn wá. Yàrá mi ló wà ní òpin ìloro. Kò ní ilẹ̀kùn, kọ́tìnnì la ta sí i. Nínú rẹ̀, tábìlì kan wà, àga tèmi wà lẹ́yìn tábìlì, àga aláìsàn sì wà níwájú rẹ̀. Mo máa ń gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, èsì á sì padà sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, wọ́n kó wa lọ gba ẹ̀kọ́. Ohun tí mo dì mú jù níbẹ̀ ni pé a kì í sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo fún ènìyàn lórí ìdúró. Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì sí mi, torí pé bí àwọn àgbà ilé wa náà bá fẹ́ túfọ̀ fún ènìyàn, wọ́n á kọ́kọ́ wá ibi tí yóò jókòó sí. Nítorí náà, bí èsì ẹnìkan bá fi hàn pé kòkòrò éèdì wà lára rẹ̀, mo máa ń mú ohùn sílẹ̀, màá ní, “Ẹ jókòó.” Lẹ́yìn ìyẹn la ó wá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ara onítọ̀hún yóò fi balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èsì bá mọ́, ta ló ń wá ìjókòó? Kí ẹni náà tó gba abẹ́ kọ́tìnnì wọlé tán ni ẹ̀rín ti máa ń bọ́ lẹ́nu mi. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti máa ń sọ fún un pé kó máa lọ sílé, kó lọ dúpẹ́.

Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan tí kò yé mi. Kò sí ẹni tó fẹ́ jókòó lórí àga aláìsàn mọ́. Aboyún kan tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án yọjú wá béèrè ibi tí wọ́n ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ní kó jókòó kó sinmi, ó fi ọwọ́ di ìbàdí mú, ó ní, “Ẹ ṣé, nọ́ọ̀sì, ìdúró tẹ́ mi lọ́rùn.” Bàbá arúgbó kan ṣìnà wọ yàrá mi. Mo ní, “Bàbá, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n pe ẹni tí yóò mú yín lọ.” Ó ní kò rẹ òun, ó sì yára jáde débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ọ̀pá rẹ̀. Mo rò pé àga náà ló dọ̀tí. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Nígbà tí ìyẹn kò ran nǹkan, mo ra fóòmù, mo fi àjákù ańkárá rán tìmùtìmù tó rẹwà sí i. Ńṣe ni ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i. Àwọn ènìyàn ń wo tìmùtìmù mi, wọ́n á fẹ̀yìn ti ògiri. Inú bí mi. Mo ní àṣé báyìí ni àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ṣe lágídí tó.

Ọkùnrin kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ ìdí ọ̀rọ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni ọkùnrin náà, wáàfù ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń já ẹrù nínú ọkọ̀ òkun. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ó ní láti tẹ̀ kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà mi wọlé. Ọmọbìnrin náà ń ṣe irun ní òpópónà kejì sí wa. Ìhà Delta ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó ń sọ Yorùbá wàràwàrà bí ẹni tó ń jà, ibi tí Yorùbá bá ti tán lẹ́nu rẹ̀ ni Pidgin ti ń gbà á. Ṣọ́ọ̀ṣì ọmọbìnrin náà ló ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Ìgbéyàwó sì ti sún mọ́lé.

Ní ọjọ́ tí èsì dé, ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ wọlé. Èsì rẹ̀ mọ́. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní, “Ìwọ, lọ máa rán aṣọ rẹ.” Mo gbọ́ tí ẹnìkan lórí bẹ́ǹṣì níta ti ń ṣe àmín, kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ọmọbìnrin náà jáde, ó lọ jókòó ti àwọn yòókù, ó ń dúró de ọkọ rẹ̀.

Mo pe ọkùnrin náà. Èsì tirẹ̀ náà wà níwájú mi, ó mọ́ bí omi òjò. Ṣùgbọ́n mo jí láàárọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú ọrùn líle. Ìrọ̀rí ti yẹ̀ lábẹ́ orí mi lóru, n kò sì lè yí ọrùn sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ọ̀gbẹ́ni yìí wọlé, ó nà ró bí òpó iná, mo gbójú sókè láti wò ó kí n sì rẹ́rìn-ín bí mo ti máa ń ṣe, ni ìrora bá ta mí lọ́rùn. Ojú mi fún pọ̀. Mo di ọrùn mú, mo ní, “Ẹ jókòó.”

Ó ní, “Jókòó kẹ̀?”

“Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́, kí n lè bá yín sọ̀rọ̀.”

Ó wo tìmùtìmù mi. Ó wo ojú mi. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, mi ò jókòó o.” Kí n tó la ẹnu, ó ti yí padà, ó fi orí gbá atẹ́rígbà, ó sì gba ìloro kọjá láì wo ibi tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jókòó sí. Nígbà tí mo fi máa dé ìta, pẹ̀lú ọrùn mi tó wọ́, kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà tó gbà.

Mo padà sínú yàrá. Ìyá kan tó ń kiri búrẹ́dì tẹ̀lé mi wọlé. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Lọ́dún tó ṣáájú, ó wà lára àwọn tí mo sọ fún pé kòkòrò náà wà lára wọn. Ara rẹ̀ ṣì le, ó ṣì ń kiri búrẹ́dì rẹ̀, ikọ́ ló kàn ń wá gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí a óò fún un ní oògùn ikọ́.

“Nọ́ọ̀sì,” ó ní, “kí lẹ ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ?”

“Kí ni mo ṣe? Ọrùn ló ń dùn mí. Mo ní kó jókòó.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́, ó wá là mí lóye.

“Gbogbo àwa tá a wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn la mọ̀. Ẹni tẹ́ ẹ bá rẹ́rìn-ín sí, ó ti bọ́. Ẹni tẹ́ ẹ bá ní kó jókòó, tiẹ̀ ti tán. Ọjọ́ tẹ́ ẹ ní kí èmi jókòó, ìdí mi ò tíì kan àga tí obìnrin tó wà níta fi gbé báàgì ẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá búrẹ́dì mi.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo bi í léèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe. Ó wò mí bí ẹni pé ó ti pẹ́ tó ti ń retí kí ẹnìkan béèrè. Kò béèrè oògùn, ó mọ̀ pé kò sí. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí gbogbo ayé jókòó. Bẹ́ ẹ ṣe kí ẹni tára ẹ̀ dá ni kẹ́ ẹ ṣe kí èmi náà. Ẹ bá wa wá ilẹ̀kùn sí yàrá yìí, kó jẹ́ èyí tó ń tì. Bọ́rọ̀ bá dáa, ẹ má rẹ́rìn-ín ká gbọ́ níta, torí ọjọ́ tẹ́ ò bá rẹ́rìn-ín, à ń gbọ́ ìyẹn náà. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fẹ́ni tó bá wù ú.” Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. “Ẹ sì bá mi yọ tìmùtìmù yẹn kúrò. Ó jọ inú pósí.”

Mo yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Mo dúró ti ọ̀gá wa títí ó fi pe káfíńtà, káfíńtà sì kan ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń jókòó. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn, màá bi wọ́n léèrè nípa ilé, nípa iṣẹ́, kí n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ èsì, ì báà dára, ì báà má dára. Ẹ̀rín mi ló fìyà jẹ mí jù. Mo máa ń fi eyín di ètè mú títí omi yóò fi lé ròrò sí mi lójú. Àwọn aláìsàn kan tilẹ̀ ń kí mi kú ìrora.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin gíga yẹn kò padà wá. Kò lọ síbi iṣẹ́, kò sì sùn nílé. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló ń wá. Ó ń wá láàárọ̀, ó tún ń wá nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn tó bá ti pa ṣọ́ọ̀bù dé, irun àwọn oníbàárà ṣì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ń sọ pé ẹni tó sá kí ìgbéyàwó tó dé yóò sá bí a bá ṣe é tán, pé kí ọmọ òun lọ sọ fún pásítọ̀ kí wọ́n fagi lé gbogbo rẹ̀.

“Àǹtí, kí lẹ sọ fún un?”

“Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún un.”

“Kí ló wà nínú ìwé ẹ̀?”

Ìloro la wà, bẹ́ǹṣì sì kún. Gbogbo wọn ti na etí. Ìyá oníbúrẹ́dì jókòó sí ìparí rẹ̀, ó tẹjú mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni yóò nu omijé ọmọ yìí nù, ọ̀rọ̀ náà sì wà lórí ahọ́n mi, ó ń yún mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi, ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni. Ta ni yóò bínú sí mi? Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ tirẹ̀ lónìí nítorí pé ó dára, lọ́la tí mo bá dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ìdákẹ́ mi ti tú àṣírí onítọ̀hún nìyẹn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo ní, “Ẹnu rẹ̀ ni wàá ti gbọ́ ọ.”

“Aunty, you wicked o,” ó ní, ó sì bú sẹ́kún.

Ká ní ó mọ ohun tí mo gbé mì. Mo wo ìyá oníbúrẹ́dì, ó mi orí sí mi díẹ̀. Mo wá ronú pé kò sí òfin tó ní kí n má gbé èsì lọ bá ẹni tó ni ín. Mo bi ọmọ náà bóyá ó mọ ibi tí ọkùnrin náà lè wà. Ó ní ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ń pẹja ní Snake Island, ní òdìkejì omi, àti pé kò síbòmíràn tó lè sá sí. Mo ní, “Wọ bàtà pẹlẹbẹ wá lọ́la. A jọ ń lọ ni.”

Ọjọ́ kejì, a sọ̀ ní ibùdókọ̀ Coconut, a gba àárín àwọn tírélà kọjá, níbi tí àwọn mẹkáníìkì ti na ara sábẹ́ ọkọ̀, a dé etí omi, a wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo bẹ̀rù omi, n kò sì fẹ́ kí ọlọ́kọ̀ mọ̀, nítorí náà mo ń pariwo lé e lórí pé kó rọra, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kò tíì kúrò lójú kan. Nígbà tí a gbéra, ọmọbìnrin náà jókòó dojú kọ mí, ó sì ń wo ojú mi láì ṣẹ́jú. Ó fẹ́ ka èsì níbẹ̀. Mo gbé ojú mi lọ sára àwọn ọkọ̀ òkun tó gúnlẹ̀ sí èbúté Tin Can. Mo ń wo ìpẹtà ara wọn bí ẹni tó fẹ́ rà wọ́n.

“Tó bá dáa ni, ẹ ò bá ti sọ fún mi,” ó ní.

“Bó dáa, mi ò ní sọ. Bí ò dáa, mi ò ní sọ. Jẹ́ n ráyè bẹ̀rù omi mi.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi ìka nu ojú.

A bá ọkùnrin náà níbi tó ti ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún àwọ̀n ṣe. Bó ṣe rí mi, ó dìde, ó wo ẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ tún sá. Ibo ló fẹ́ sá gbà? Omi ló yí wa ká. Mo ní kí ọmọbìnrin náà dúró ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó ti ń yan ẹja, mo sì mú ọkùnrin náà lọ sẹ́yìn ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí iyanrìn.

“Ẹ dúró bẹ́ẹ̀,” mo ní. “Mi ò ní kẹ́ ẹ jókòó. Èsì yín mọ́. Kò sí kòkòrò kankan lára yín. Ọrùn ló ń dùn mí lọ́jọ́ yẹn, ẹ sì ga jù.”

Ó wò mí. “Ọrùn?”

“Ọrùn.”

Ó jókòó pẹ̀tẹ́ sínú iyanrìn tútù. Ẹ̀rín tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí wá dé sí mi lọ́nà ọ̀fun. Mo rántí pé etí ọmọbìnrin náà kò jìnnà, mo fi ìdajì gèlè mi di ẹnu, mo kọjú sí omi, èjìká mi sì ń mì títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Nígbà tí mo yíjú padà, ọkùnrin náà ń wò mí láti ìsàlẹ̀.

“Bí kò bá mọ́ ńkọ́, nọ́ọ̀sì? Ṣé ẹ máa wá?”

“Ọkọ̀ yẹn náà ni màá wọ̀,” mo ní. “Màá bẹ̀rù omi bákan náà.”

Ó ní kí n lọ sọ fún ọmọbìnrin náà, pé ojú ń ti òun. Mo ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ ni yóò fi sọ ọ́. Ó dìde, ó gbọn iyanrìn nù, ó lọ. Kò tíì débẹ̀ tí ọmọbìnrin náà fi bọ́ bàtà pẹlẹbẹ rẹ̀, tó fi ń nà án ní gbogbo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, ibẹ̀ kò sì kọjá àyà. “O fi mí sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì,” ló ń sọ, “ìwọ ọkùnrin yìí, o fi mí sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.” Ọkùnrin náà gbà á mọ́ra tòun ti bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ sí i létí. Bàtà bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Ó sunkún sí aṣọ rẹ̀ títí ìyàwó ẹ̀gbọ́n fi ní kí wọ́n kúrò nídìí ẹja òun.

A jẹ ẹja náà gbóná, ata rẹ̀ jó wa lẹ́nu, kò sì sí ẹni tí kò rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ la padà sétí omi. Àwọn èrò mìíràn ti wà nínú ọkọ̀. Obìnrin kan sáré dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó fẹ́ wọlé, ọlọ́kọ̀ ní ó ti kún. Mo rí pákó kan tí kò sí ẹni tó jókòó lé e. Èmi tí n kì í lè dákẹ́, mo bi í pé kí ló dé tó ń lé ènìyàn nígbà tí àyè wà.

“Wọ́n ti gba ibẹ̀,” ọlọ́kọ̀ ní. Ó fi àjẹ̀ nà sí ọmọbìnrin wa. “Ìyàwó yìí ni. Kí a tó gbéra ní Coconut láàárọ̀ ló ti sọ fún mi pé kí n fi àyè ọkọ òun sílẹ̀ bí a bá ń padà.”

Mo yíjú sí i. “Láàárọ̀? O ò tíì mọ nǹkan kan láàárọ̀.”

“Àǹtí, I no know anything,” ó ní. “Ẹ̀yin náà lẹ kọ̀ tẹ́ ẹ ò sọ fún mi. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé a jọ ń padà ni. Bó mọ́ o, bí ò mọ́ o, ṣé ibí ni màá wá fi í sílẹ̀ sí?”

Ọkùnrin náà jókòó lórí pákó náà, ó ká gbogbo gíga rẹ̀ jọ, ó gbé orí lé itan ọmọbìnrin náà, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ títí a fi dé Coconut.